Ǹjẹ́ ó yẹ kí ère jọ ènìyàn?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, bóyá ẹ ti gbọ́ rí tí ọmọdé kan wo ère ìbejì, tí ó rẹ́rìn-ín, tí ó ní: «Orí rẹ̀ tóbi jù! Kò jọ ènìyàn.» Kí ni ẹ ó fi dá a lóhùn?

Nígbà àtijọ́, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn òbí rẹ̀ a máa lọ bá agbẹ́gilére. Ìyá a máa wẹ ère náà, a máa fi osùn pa á lára, a sì máa fún un ní oúnjẹ. Lára àwọn ère kan, ojú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí wíwẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ tí ó kú lè má tíì rìn rárá, ṣùgbọ́n ère rẹ̀ dúró bí àgbà. Bí obìnrin ni, ó ní ọmú. Gíga àgbàlagbà tó orí méje. Gíga ère kì í sábà ju orí mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ.

Ṣé agbẹ́gilére kò mọ bí ọmọ ọwọ́ ti rí ni? Ó mọ̀ ọ́n. Àwọn baba wa mọ bí a ti ń ṣe ohun tí ó jọ ènìyàn gan-an. Ní 1938, a hú orí idẹ jáde ní Ifẹ̀ tí ó dà bí ẹni pé yóò sọ̀rọ̀. Ó ti lé ní 500 ọdún tí a ti rọ ọ́. Nítorí náà, ìmọ̀ kọ́ ni kò sí.

Ohun tí ère ìbejì ń sọ ni ó yàtọ̀. Ó ń sọ pé: ọmọ yìí kò ṣègbé, ó ní ọlá. Nítorí èyí ni a fi gbẹ́ ẹ bí ẹni tí ara rẹ̀ pé. A mú kí orí tóbi, nítorí orí ni ó ń darí ènìyàn. Bí a ti ṣe é bá ohun tí ó ń sọ mu. Ohun tí a mọ̀ ni ère ń fi hàn, kì í ṣe ohun tí ojú rí nìkan.

Fótò pàápàá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárín 1970 sí 1980, ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní Nàìjíríà, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti kú, ayàfótò lè ya èyí tí ó kù, kí ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan. Àwọn méjèèjì á tún wà papọ̀.

Báwo ni a ṣe ń mọ ère tí ó dára? Agbẹ́gilére ń fi ojú inú rí ère nínú igi kí ó tó mú àáké. Àwa tí à ń wò ó náà ní ojú inú. Iṣẹ́ kan lè wù wá kí a tó mọ ìdí rẹ̀. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ wá ìdí rẹ̀.

Láàárín 1960 sí 1970, Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ń bi àwọn ènìyàn ní ilẹ̀ Yorùbá pé: «Èwo ni ó dára jù nínú àwọn ère yìí? Kí ló dé?» Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n fi dáhùn: ó jọra, kò sì jọ jù, ó hàn gbangba, ó ń dán, ó gún, ó dọ́gba. Ẹ̀yin náà ní àwọn ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu.

Ọ̀pọ̀ ère ìbejì ti kúrò nílé wa. Àwọn kan tà wọ́n lówó kékeré bí igi lásán. Lónìí, wọ́n wà ní ilé ìkóhun-àtijọ́-sí ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Bí ẹ jẹ́ Mùsùlùmí tàbí Onígbàgbọ́, kò di dandan kí ẹ bọ ère kí ẹ tó mọ iyì rẹ̀.

Bí ọmọdé bá tún rẹ́rìn-ín, ẹ má bá a wí. Ẹ bi í pé: «Kí ni ère yìí ń sọ? Ǹjẹ́ bí a ti gbẹ́ ẹ ràn án lọ́wọ́ láti sọ ọ́?»

Ẹ dáhùn: Ère wo ni ẹ ti rí rí tí ó wù yín? Kí ló dé tí ó fi wù yín?