Òṣùwọ̀n Ọjà àti Ìwúwo Oúnjẹ

Ní Ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́ àti ní Ọjà Jagun ní Ògbómọ̀ṣọ́, kóńgò ni a fi ń wọn ẹ̀wà, gàrí, ìrẹsì àti èlùbọ́. Ṣùgbọ́n gíráàmù àti kílò ni a ń kọ sí ara àpò ìrẹsì àti sínú ìwé ìdáná. Ẹni tí kò bá mọ bí èkíní ti bá èkejì mu lè pàdánù lọ́jà, ó sì lè ba oúnjẹ jẹ́ nílé.

Kí olùkàwé kọ́kọ́ mọ èyí dájú: kóńgò ń sọ àyè tí nǹkan gbà, ìwọ̀n ń sọ bí ó ti wúwo tó. Kóńgò iyọ̀ kan àti kóńgò gàrí kan gba àyè kan náà, ṣùgbọ́n iyọ̀ wúwo tó ìlọ́po méjì gàrí. Nítorí náà, oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwúwo tirẹ̀.

Omi ni yóò fi ọ̀nà hàn wá. Lítà omi 1 wúwo tó kílò 1, èyí tí í ṣe gíráàmù 1000. Ohun èlò tí ó bá gba lítà omi 1 yóò gba nǹkan bí ìwọ̀nyí, bí a bá gé orí rẹ̀ dọ́gba:

Iyọ̀ wẹ́wẹ́: gíráàmù 1200
Ṣúgà: gíráàmù 850
Ìrẹsì: gíráàmù 800
Ẹ̀wà: gíráàmù 750
Gàrí: gíráàmù 600
Ìyẹ̀fun àlìkámà: gíráàmù 520

Ẹni tí kò ní ìwọ̀n nílé, kí ó mú ìgò tí a kọ lítà 1 sí lára, kí ó fi bu omi sínú kóńgò rẹ̀ títí yóò fi kún dé ẹnu. Bí ó bá gba lítà 2, kóńgò ìrẹsì kan yóò tó gíráàmù 1600. Àpò ìrẹsì onílò 50 yóò sì kún irú kóńgò bẹ́ẹ̀ ní ìgbà 31, díẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù. Àwọn tí wọ́n dáwó jọ ra àpò kan lè tipa báyìí pín in láìsí ìjà.

Bákan náà ni ti ìdáná. Ife tí ó gba mílílítà 250 yóò gba ìyẹ̀fun nǹkan bí gíráàmù 130. Bí ìwé bá ní kí a fi gíráàmù 500 ṣe búrẹ́dì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ife 4. Ẹni tí ó rò pé ìyẹ̀fun wúwo bí omi yóò bu ife 2 péré, ohun tí ó pò yóò sì ṣàn bí ògì. Ìwé àtijọ́, tí a kọ kí kílò tó gba ipò pọ́n-ùn ní Nàìjíríà ní àwọn ọdún 1970, lè sọ pé pọ́n-ùn 1. Kí a kà á sí gíráàmù 454.

Ohun mẹ́ta ni kí a ṣọ́ra fún. Èkíní, gàrí tí a rọra dà kò wúwo tó èyí tí a mì tí a sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú kóńgò kan náà. Èkejì, òkìtì orí kóńgò àti ènì dára púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú ìṣirò yìí. Ẹ̀kẹta, kóńgò kan wà tí a ti lu ìdí rẹ̀ wọ inú. Bí a bá wò ó láti òkè, kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n omi yóò tú u fó.

Níbi ìtọ́jú ọmọ ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe pàtàkì jù lọ. Bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, tí kò sì sí oògùn oníyọ̀ tí a ń gbà ní ilé ìwòsàn nítòsí, a lè po ṣíbí tíì ṣúgà 6 àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ mọ́ lítà omi mímọ́ 1. Kí a gé orí ṣíbí dọ́gba, nítorí ṣíbí tí ó ga lórí lè gba ìlọ́po méjì, àpọ̀jù iyọ̀ sì lè pa ọmọ lára. Lẹ́yìn náà, kí a tètè gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn.

Kí ìyá ilé kọ iye tí kóńgò àti ife rẹ̀ gbà sí ara ògiri ilé ìdáná. Ẹ̀ẹ̀kan ni yóò wọ̀n ọ́n. Yóò sì máa lò ó títí.