Ọjọ́ 72 lójú òkun: ìtàn dókítà tó fi káyáàkì sọdá Àtìláńtíìkì

Ẹni tó bá dúró ní etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ ní ìdájí yóò rí àwọn apẹja tí wọ́n ń wa ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ wọn jáde. Àjẹ̀ ń wọ omi, àjẹ̀ ń jáde. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ojú wa ti mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi kà á sí ohun ìyanu mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ní òun fẹ́ gbé irú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ wọ òkun ńlá, kí òun nìkan sì wà á títí yóò fi dé apá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kí ni a ó sọ fún un? A ó ní orí rẹ̀ kò pé.

Ọkùnrin kan ṣe é. Orúkọ rẹ̀ ni Hannes Lindemann. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni, dókítà sì ni. Ó ti ṣiṣẹ́ ìṣègùn ní Làìbéríà, ní etí òkun kan náà tí Kútọnu wa wà. Ìbéèrè kan ni ó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn: bí ọkọ̀ bá rì, tí ènìyàn kan bá ṣẹ́ kù sórí òkun láìsí omi mímu, kí ni yóò ṣe tí kò fi ní kú?

Omi tó ń dá kún òùngbẹ

Ní 1952, dókítà ará Fáránsé kan, Alain Bombard, jókòó sínú ọkọ̀ rọ́bà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí. Ó kúrò ní àwọn erékùṣù Kánárì, ó sì gúnlẹ̀ sí Barbados lẹ́yìn ọjọ́ 65. Ó fẹ́ fi hàn pé ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ rì kò gbọdọ̀ sọ ìrètí nù. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa mu omi òkun díẹ̀díẹ̀, kí ó sì máa fún omi ara ẹja mu.

Lindemann kò gbà. Ó mọ̀ pé iyọ̀ tó wà nínú lítà omi òkun kan tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Kíndìnrín wa ni ó ń yọ iyọ̀ tó pọ̀ jù kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó sì ń dà á sínú ìtọ̀. Ṣùgbọ́n kíndìnrín kò lè ṣe ìtọ̀ tí iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ tó ti omi òkun. Nítorí náà, bí a bá mu ife omi òkun kan, omi tí ara yóò fi lé iyọ̀ rẹ̀ jáde yóò ju ife kan lọ. Níbo ni ara yóò ti rí èyí tó kù? Nínú omi tó ti wà lára wa tẹ́lẹ̀ ni. Ẹni náà rò pé òun ń pa òùngbẹ, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dá kún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé. Apẹja tí ìjì gbé lọ lè rántí ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀, kí ó tẹ̀ lé e, kí ó sì bá a kú. Lindemann pinnu láti fi ara òun tìkára rẹ̀ wádìí ohun tí ènìyàn lè fara dà lójú òkun.

Láti inú ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ bọ́ sínú káyáàkì

Ní 1955, ó wọ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ igi, irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ ní Làìbéríà. Ó ta ìgbòkun sí i, ó kúrò ní Las Palmas ní Kánárì, ó sì sọdá dé àwọn erékùṣù Kàríbíánì. Ìrìn àjò náà kọ́ ọ ní ohun kan tí kò retí. Ara rẹ̀ fara dà á ju bí ó ti rò lọ. Ọkàn rẹ̀ ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já a kulẹ̀. Ẹ̀rù, àìsùn àti àdáwà ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó wá rí i pé ọkàn ènìyàn a máa rì kí ọkọ̀ rẹ̀ tó rì.

Ó tún múra ìrìn àjò mìíràn nínú ọkọ̀ tó tún kéré sí i, èyíinì ni káyáàkì. Àwọn ènìyàn Inuit, tí wọ́n ń gbé ilẹ̀ yìnyín ní àríwá ayé, ni wọ́n ni ọgbọ́n ọkọ̀ yìí. Wọn a fi igi tàbí egungun ẹran ṣe ìhun rẹ̀, wọn a sì fi awọ ẹran inú òkun bò ó. Ẹni tó ń wà á a jókòó sínú rẹ̀, a na ẹsẹ̀ síwájú, a sì di àjẹ̀ kan tó pẹlẹbẹ ní orí méjèèjì mú: ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ní Jámánì, aránṣọ kan tí ń jẹ́ Johann Klepper, ní ìlú Rosenheim, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irú èyí tí a lè tú palẹ̀ ká sì ká jọ. Aṣọ tí omi kì í wọ̀ ni ó fi rọ́pò awọ. Irú ọkọ̀ aláṣọ yìí ni Lindemann yàn. Gígùn rẹ̀ kò ju mítà márùn-ún àti díẹ̀ lọ.

Oṣù mẹ́fà ìmúrasílẹ̀

Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá da omi síwájú yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Fún oṣù mẹ́fà kí ó tó gbéra, Lindemann ń bá ọkàn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. A jókòó jẹ́ẹ́, a sì máa tún ọ̀rọ̀ kúkúrú kan náà sọ léraléra: pé òun yóò ṣe é yọrí, pé ìwọ̀-oòrùn ni kí òun máa kọjú sí, pé òun kò gbọdọ̀ gba ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ń sọ ọ́ títí ó fi wọ̀ ọ́ lára.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá 1956, ó kúrò ní Las Palmas. Ó ní ìgbòkun kékeré, ó sì ní àjẹ̀. Ó kó mílíkì inú agolo àti bíyà dání. Ẹja tí ó bá pa, ní tútù ni ó ń jẹ ẹ́. Omi òjò ni ó ń gbè mu. Kò sí àyè tí ó lè fi na ara rẹ̀ gbalaja. Lórí ìjókòó ni ó ti ń sùn, ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Omi iyọ̀ ń jẹ ẹ́ lára. Nígbà tó pẹ́, ó ń gbọ́ ohùn àwọn ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ọkọ̀ ńlá kan súnmọ́ ọn lójú òkun, wọ́n ní kí ó wá wọlé. Ó dúpẹ́, ó sì kọ̀.

Òru tí ọkọ̀ dojú dé

Nígbà tó kù bí ọ̀sẹ̀ méjì kí ó gúnlẹ̀, ìjì dé. Ní òru, ìgbì kan gbé káyáàkì náà, ó sì dojú rẹ̀ dé. Lindemann bọ́ sínú òkun nínú òkùnkùn. Ó rá pálá gun ẹ̀yìn ọkọ̀ tó dojú dé náà, ó sì dì mọ́ ọn. Ìgbì ń gbá a lulẹ̀, ó tún ń gùn ún padà. Àsìkò yìí ni ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́fà wúlò. Nígbà tí apá rẹ̀ fẹ́ jọ̀wọ́ ọkọ̀ náà, ọ̀rọ̀ tí ó ti kọ́ ọkàn rẹ̀ ni ó ń dáhùn láti inú pé yóò ṣe é yọrí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó yí ọkọ̀ náà padà, ó gbọ́n omi inú rẹ̀, ó sì tún kọjú sí ìwọ̀-oòrùn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá 1956, ó gúnlẹ̀ sí erékùṣù Saint-Martin. Ó ti lo ọjọ́ 72. Ó ti rù hangogo, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni ó fi tẹ ilẹ̀.

Ohun tó kù fún wa

Káyáàkì náà ṣì wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá tí wọ́n ń pè ní Deutsches Museum, ní ìlú Munich. Lónìí, ohun tí a ń kọ́ àwọn awakọ̀ òkun ni pé kí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ rì má ṣe mu omi òkun, bí ó ti wù kí òùngbẹ gbẹ ẹ́ tó.

Àwọn mìíràn ti tọ ipa irú ìrìn àjò yìí. Aleksander Doba, ará Pólàńdì, gbéra láti Dákà ní 2010, nígbà tó ti di ẹni ọdún 64. Káyáàkì ni òun náà wà, láìta ìgbòkun rárá, títí ó fi dé Bràsílì ní 2011, lẹ́yìn ọjọ́ 99.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa káyáàkì lójú òkun fúnra wọn kì í rán ara wọn ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àṣà wọn ni láti jáde lọ́pọ̀, kí ẹnì kan lè gba ẹnì kejì. Wọn a wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì. Wọn a wo ojú ọjọ́ kí wọ́n tó gbéra. Wọn a kọ́ bí a ti ń yí ọkọ̀ tó dojú dé padà ní etí omi, kí ìjì tó kọ́ wọn. Wọn a sì sọ fún ẹni tó wà nílé ní ibi tí wọ́n ń lọ àti ìgbà tí wọn yóò dé.

Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó ṣòro fún apẹja ọ̀sà tàbí ti òkun ní ilẹ̀ wa. Bídọ̀ǹ omi mímu kan tí a dì mọ́ ọkọ̀ kò wúwo. Ọ̀rọ̀ kan tí a sọ fún ìyàwó tàbí ọ̀rẹ́ kí a tó jáde kò náni ní nǹkan kan. Kí a tó ti ọkọ̀ sómi ni kí a ti ṣe é.