Ẹ Má Ì Tíì Ju Kọ̀ǹpútà Ògbólógbòó Yẹn Nù

 

Ní ọjọ́ Àìkú kan, bí a ti ń túká ní àsálátù ní Command níbí, ìyá kan tọ̀ mí wá. Ó ní, "Ààfáà, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ọmọ mi." Ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 15. Bí ó bá ti ti ilé-ìwé dé, ṣọ́ọ̀bù géèmù ni ó ń gbà lọ, ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà gan-an sì ni àwọn tí ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù wà. Kọ̀ǹpútà kan wà ní ilé wọn, èyí tí ọkọ rẹ̀ rà ní tòkunbọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ní ó ti gbó, pé géèmù bọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ń wọ́ bí ìgbín. Ìyá yìí ti ń múra láti lọ yá owó èlé kí ó fi ra tuntun, kí ọmọ rẹ̀ lè jókòó sí ilé.

Mo ní, "Ìyá, ẹ sinmi ná. A kì í ra oògùn kí a tó mọ àìsàn." Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà nínú jámáà wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Èmi pẹ̀lú rẹ̀ lọ sí ilé ìyá náà. Ohun tí mo rí kọ́ ní ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé wa, nítorí mo mọ̀ pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Ìkọ̀tún, ní Ẹgbẹ́dá, ní Ìgándò àti níbi gbogbo.

Ohun kìíní kò gba owó. Ẹ yọ wáyà iná, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì gbọn eruku inú rẹ̀. Bí eruku bá di fáànù, ooru yóò mú ọpọlọ ẹ̀rọ náà, òun fúnra rẹ̀ yóò sì dín eré kù kí ó má baà jóná. Eruku tí a kó jáde ní ilé ìyá yìí tó ẹ̀kúnwọ́ méjì! Lẹ́yìn èyí, ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù nínú géèmù. Àwòrán 1920 lọ́nà 1080 jẹ́ ààmì 2,073,600 tí ẹ̀rọ ní láti yà lẹ́ẹ̀kan; 1280 lọ́nà 720 jẹ́ 921,600 péré. Iṣẹ́ náà kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́ mọ́.

Ohun kejì ni kí ẹ mọ ibi tí ó ti ń dun ẹ̀rọ náà. Bí géèmù bá ń lọ lọ́wọ́, kí ọmọ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Ojú ìwé kan yóò ṣí tí yóò fi hàn yín èyí tí ó kún. Bí ó bá jẹ́ memory ni ó kún, RAM ni ẹ ó wá. Bí ó bá jẹ́ disk ni ó wà ní 100, SSD ni ẹ ó wá. Bí ó bá jẹ́ GPU nìkan ni ó ń mí gúlegúle tí àwọn yòókù ń sinmi, graphics card ni ó kù.

RAM dà bí ìkòkò. Ẹni tí ó fi ìkòkò kékeré se oúnjẹ ìgbéyàwó yóò máa dà á sílẹ̀, yóò sì máa tún un gbé kaná. Kọ̀ǹpútà tí kò ní graphics card máa ń yá lára RAM láti fi ya àwòrán. Nítorí náà, RAM 4GB méjì tí ó bá ara mu sàn fún un ju ẹyọ 8GB kan lọ, nítorí ọ̀nà méjì ni yóò máa gbà lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ ṣọ́ra: DDR3 kò wọ ojú ihò DDR4. Ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí ọjà.

SSD ni ó ń rọ́pò hard disk. Inú hard disk, àwo kan ń yí, ohun kan bí abẹ́rẹ́ sì ń wá ọ̀rọ̀ kiri lórí rẹ̀. SSD kò ní ohun tí ń yí. Géèmù yóò tètè ṣí, ẹ̀rọ yóò tètè jí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé òun nìkan ni yóò mú kí àwòrán máa lọ geerege, kò sọ òtítọ́ délẹ̀.

Graphics card ni ó wọ́n jù, òun náà ni ó ń kó àwọn ènìyàn sí wàhálà jù. Arákùnrin kan nínú wa ra èyí tí ó tóbi. Nígbà tí ó dé ilé, ẹ̀rọ rẹ̀ kò tàn, ẹni tí ó tà á fún un kò sì gbà á padà. Ìdí rẹ̀ nìyí: àwọn kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bí Dell OptiPlex sábà máa ń ní power supply tí kò ju 240 sí 300 wáàtì lọ, ojú ihò tí card ń wọ̀ kì í sì í fún un ju wáàtì 75 lọ. GT 1030 ń jẹ nǹkan bí 30 wáàtì. GTX 1650, tí ó jáde ní 2019, ń jẹ 75. Ẹ wá èyí tí kò béèrè wáyà iná mìíràn. Bí àpótí ẹ̀rọ yín bá tín-ín-rín, ẹ béèrè èyí tí ó kúrú, tí wọ́n ń pè ní low profile. Oríṣi GT 1030 méjì sì wà: ẹ mú èyí tí a kọ GDDR5 sí, nítorí èyí tí a kọ DDR4 sí lọ́ra púpọ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé Computer Village ní Otigba, Ìkẹjà, ẹ má sanwó láìdán an wò. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní 2015 sí 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù àlòkù ẹ̀rọ ni ó ń wọlé lọ́dún, èyí tí ó lé ní 15,000 nínú rẹ̀ sì ti bàjẹ́ kí ó tó gúnlẹ̀. Ẹ tún rántí pé Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú ọ̀fẹ́ Windows 10 dúró ní 14 October 2025. Ẹ má fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ báńkì.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ju ti ẹ̀rọ lọ. Tẹ́tẹ́ tí a ń sá fún ní títì lè wọlé tọ̀ wá. Nínú géèmù bọ́ọ̀lù òde òní, wọ́n ń ta àpò tí a dì, tí ẹni tí ó rà á kò mọ agbábọ́ọ̀lù tí ó wà nínú rẹ̀. Ní 2018, àwọn tí ń ṣàkóso tẹ́tẹ́ ní Belgium kéde pé tẹ́tẹ́ ni irú rẹ̀. Ní 2019, ilé-iṣẹ́ tí ó ni géèmù FIFA dáwọ́ títa owó géèmù tí a fi ń ra àpò náà dúró ní ibẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi káàdì báńkì yín sínú géèmù ọmọ. Ẹ gbé kọ̀ǹpútà sí pálọ̀, kì í ṣe yàrá, kí gbogbo ilé lè máa rí i. Bí ìrun bá tó, kí a pa á.

Ìyá wa kò yá owó èlé mọ́. RAM 4GB kan tí ó bá ti àkọ́kọ́ mu àti SSD ni ó rà nígbà tí àjọ kàn án. Graphics card dúró de ìgbà mìíràn. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó di ìdè ẹ̀rọ, bí a ti ń fi hàn án. N kò ní sọ pé kò yà sí ṣọ́ọ̀bù náà mọ́ rárá. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó bi mí bóyá òun lè wá gbọn eruku kọ̀ǹpútà mọ́sáláàsì. Mo ní kí ó máa bọ̀.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí Ọlọ́run bá wa tọ́ àwọn ọmọ wa, kí Ó má jẹ́ kí a fi owó wa ra ẹkún. Àmín.