Ìgbàgbọ́ àti Ipò: Ìbéèrè kan fún Àwọn Olóṣèlú Ilẹ̀ Òkun

Nígbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun kan a máa ṣẹlẹ̀ nínú àwọn ilé Ọlọ́run wa, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Kábà, tí ojú gbogbo wa ń rí, ṣùgbọ́n tí ẹnu wa kì í fẹ́ sọ. Ẹni tí a kò rí ní ìsìn láti ọjọ́ pípẹ́ a dé pẹ̀lú ọ̀wọ́ ọkọ̀. A ó fi í jókòó ní iwájú. A ó pè é kí ó wá bá ìjọ sọ̀rọ̀. Yóò ka ẹsẹ Bíbélì kan tàbí méjì. Yóò fi owó ńlá dúpẹ́. Olùṣọ́-àgùntàn yóò sì gbé ọwọ́ lé e lórí. Bí ìjọ mìíràn bá ń ṣe ìkórè li ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, ibẹ̀ ni a ó tún ti rí i. Nígbà tí ìdìbò bá parí, àga iwájú náà a di òfìfo.

A kò sọ èyí láti fi ẹnikẹ́ni ṣe ẹlẹ́yà. Kò sí àníàní pé Kristẹni lè wá ipò. Bí àwọn olóòótọ́ bá kọ̀ láti ṣe ìjọba, àwọn tí kì í ṣe olóòótọ́ kò ní kọ̀. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí: nígbà tí ìgbàgbọ́ àti ìfẹ́ ipò bá pàdé nínú ọkàn ènìyàn kan náà, èwo ni yóò jẹ́ ọ̀gá, èwo ni yóò sì jẹ́ ìránṣẹ́?

Ìbéèrè yìí wúwo ní ilẹ̀ Òkun ju bí ó ti wúwo ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta lọ. Àwọn Ọ̀wẹ́, Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, Yorùbá ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba ilẹ̀ náà li ọdún 1900, ọ̀dọ̀ Àríwá ni a pín wọn sí. Ṣáájú ìgbà náà ni àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà ti ń kó wọn lẹ́rú, títí di January 1897 tí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Yàgbà tí a kó lẹ́rú li ọ̀rúndún náà ni James Thomas, ẹni tí a dá sílẹ̀ ní Sàró, tí ó sì padà wá di òṣìṣẹ́ ìjọ C.M.S. ní Gbẹ̀bẹ̀, nítòsí ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé. Li ọdún 1908 ni Tommy Titcomb, òyìnbó S.I.M., dé Ẹ̀gbẹ̀. Ìjọ Àgùdà náà sì fi ìdí múlẹ̀ ní Kábà. Níbi tí ìjọ dé, ilé-ìwé dé pẹ̀lú rẹ̀. Láti inú ilé-ìwé wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ akọ̀wé àti olùkọ́ ti jáde, tí a sì rí wọn káàkiri ilẹ̀ Àríwá. Ìsìn Ìmàle náà kì í sì í ṣe àlejò ní ilẹ̀ Òkun. Ilé pọ̀ níbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, tí àbúrò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì ń jẹun nínú àwo kan.

Nítorí náà, ọmọ Òkun tí ó bá fẹ́ ṣe ìjọba, láàrín àwọn tí kì í ṣe elédè rẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn kì í sì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀, ni yóò ti wá a. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ní nǹkan bí ọdún 1950, Pásítọ̀ David Lot, ọmọ ilẹ̀ Plateau, kó àwọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí li Àríwá jọ sínú ẹgbẹ́ kan, kí ohùn wọn lè dún li àpapọ̀. Ẹgbẹ́ Action Group ní tirẹ̀ fẹ́ kí a gba Ìlọrin àti Kábà kúrò li Àríwá, kí a dá wọn padà sọ́dọ̀ àwọn arákùnrin wọn ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ìgbìmọ̀ Willink gbọ́ ẹjọ́ náà, wọ́n sì fi ìwé wọn jáde li ọdún 1958, ṣùgbọ́n ààlà kò yí padà. Ọ̀nà kẹta ni kí ọmọ Òkun wọ inú ilé ńlá Kàdúná fúnra rẹ̀, kí ó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ li orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ àti nínú ìsìn tí ó bá nílé. Ọ̀nà kẹta yìí ni Olóyè Sunday Bọ́lọ́rundúró Awóníyì, Àró ti Mopa, tọ̀. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, nítorí ó ní ẹ̀kọ́ tí ó dùn, ó sì ní èyí tí ó korò.

A bí Awóníyì ní Mopa ní ọjọ́ 30 April 1932. Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí orúkọ rẹ̀ àárín: bá Ọlọ́run dúró. Nígbà tí ó di òṣìṣẹ́ ìjọba Àríwá, ó di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí Sardauna Sókótó, Ahmadu Bello, Olórí Ìjọba Àríwá, fi ọkàn tán. Sardauna yìí kan náà ni ó ń rìn kiri láti ọdún 1963 títí di ọdún 1965, tí ó ń pe àwọn abọ̀rìṣà wá sínú ìsìn Ìmàle, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sì ń gbà fún un. Ẹ wo ipò tí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Mopa náà wà. Ọ̀gá rẹ̀ ni ó lágbára jù lọ ní gbogbo Àríwá. Ìwàásù sì ni iṣẹ́ tí ọkàn ọ̀gá náà fẹ́ràn. Bí ẹnìkan bá ń wá ọ̀nà àbùjá sí òkè, ta ni kò ní rò pé ó ti rí i?

Awóníyì kò yí ìsìn padà. Kristẹni ni ó wọ ilé náà, Kristẹni ni ó sì wà títí ó fi kú. Ṣùgbọ́n kò fi èyí ṣe ọ̀tẹ̀ sí ọ̀gá rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò fi í ṣe ọjà. Lẹ́yìn tí àwọn ológun pa Sardauna ní ọjọ́ 15 January 1966, tí ẹni tí ó bá fẹ́ lè sọ ohun tí ó bá wù ú nípa òkú, Awóníyì kò dẹ́kun láti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní rere títí di ọjọ́ ogbó. Àwọn àgbà a máa wí pé ẹni tí ó bá ta ará ilé rẹ̀ li ọ̀pọ̀, kò ní rí i rà li ọ̀wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìgbàgbọ́ rí. Ẹni tí ó tà á li ọ̀pọ̀ nítorí ipò, ọ̀gá tí ó rà á gan-an kò ní bọ̀wọ̀ fún un mọ́. A gbà pé ara ohun tí ó mú kí àwọn àgbààgbà Àríwá gbẹ́kẹ̀ lé Awóníyì ni pé wọ́n ti rí i pé ohun kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní tà.

Èyí ni apá tí ó dùn. Apá tí ó korò tẹ̀lé e, inú ẹgbẹ́ tirẹ̀ sì ni ó ti wá. Awóníyì jókòó nínú Ilé Aṣòfin Àgbà ní ìjọba kẹta, èyí tí àwọn ológun tú ká ní November 1993. Li ọdún 1998, ó wà nínú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ PDP sílẹ̀. Ní ìparí ọdún 1999, ó du ipò alága gbogbo gbòò fún ẹgbẹ́ náà, Barnabas Gemade, ọmọ Tív láti Bẹ́núé, sì borí rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ìwé ìròyìn ti sọ nígbà náà, ọwọ́ Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà lẹ́yìn Gemade. Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn ènìyàn inú ìtàn yìí dáadáa. Awóníyì, Kristẹni ni. Gemade, Kristẹni ni. Ọbásanjọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Òwu ni, ẹni tí ó jáde kúrò nínú ẹ̀wọ̀n li ọdún 1998 tí ó sì ń jẹ́rìí oore Ọlọ́run níbi gbogbo. Kò sí Mùsùlùmí kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀ ìjà náà kò tìtorí bẹ́ẹ̀ rọ̀. Láìpẹ́ lẹ́yìn náà, òun àti ẹgbẹ́ tí ó bá wọn dá sílẹ̀ pínyà.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wí fún wa pé, “Ẹ dìbò fún un, ọmọ ìjọ wa ni,” ẹ ronú sí ìtàn yìí. Pé a jọ ń pe orúkọ Jésù kò mú kí olóṣèlú ṣe àánú fún olóṣèlú. Ohun tí ó ń mú ènìyàn ṣe àánú ni ìbẹ̀rù Ọlọ́run, èyí kò sì hàn nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ìjọ.

Ìdánwò mìíràn tún dé bá a. Zamfara kéde Ṣàríà ní ìparí ọdún 1999. Ní February 2000 Kàdúná gbóná, Kristẹni àti Mùsùlùmí pa ara wọn li ọ̀pọ̀lọpọ̀. Li ọdún 2000 yìí kan náà ni a dá Arewa Consultative Forum sílẹ̀ ní Kàdúná, kí Àríwá lè máa sọ̀rọ̀ li ohùn kan. Awóníyì, Yorùbá àti Kristẹni, wà nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, ó sì ń ṣe alága nínú ẹgbẹ́ náà nígbà tí ó kú ní London ní ọjọ́ 28 November 2007, lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀.

Àwọn kan bá a wí nítorí èyí. Wọ́n ní ó fi orúkọ Kristẹni bo àṣírí àwọn tí kò fẹ́ àwọn Kristẹni. Wọ́n ní ọmọ Yorùbá kò yẹ kí ó máa jà fún Àríwá. Ẹ̀sùn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, a kò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹni tí ó bá jókòó ní àárín lè di afárá, ó sì lè di aṣọ ìbòjú. Ṣùgbọ́n a bi àwọn tí ń fi ẹ̀sùn kàn án: bí gbogbo Kristẹni bá dìde kúrò nínú ìyẹ̀wù náà, ta ni yóò sọ ọ̀rọ̀ wa níbẹ̀? Ènìyàn lè má fara mọ́ ìṣèlú Awóníyì, kí ó sì gbà pé kò fi ìsìn rẹ̀ ra ipò náà, kò sì fi ipò náà ta ìsìn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan tí kò jìnnà sí ọjọ́ òní. Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Òṣínbàjò, pásítọ̀ nínú ìjọ Ìràpadà, ṣe Igbákejì Ààrẹ láti ọdún 2015 títí di ọdún 2023. Li ọdún 2022, ìjọ rẹ̀ dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn ìṣèlú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì rò pé iye àwọn ọmọ ìjọ yóò di iye ìbò. Nígbà tí ẹgbẹ́ APC dìbò láti yan olùdíje ní June ọdún náà, Bọ́lá Tinúbú ní ìbò 1,271, Rotimi Amaechi ní 316, Òṣínbàjò sì ní 235. Pásítọ̀ Túndé Bákàrè, ẹni tí ó du ipò náà pẹ̀lú, kò ní ìbò kan ṣoṣo. A kò sọ èyí láti dójú tì wọ́n. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú pé ènìyàn pàdánù. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó yé wa pé ìjọ kì í ṣe ẹgbẹ́ òṣèlú, bí a bá sì fẹ́ sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀, a lè pàdánù ìdìbò kí a sì pàdánù ìjọ pẹ̀lú.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà sí ilẹ̀ Òkun. Láti ọjọ́ 27 August 1991 tí a ti dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀, a kò tíì dìbò yan ọmọ Òkun kan ṣe gómìnà. Clarence Ọláfẹ́mi, tí í ṣe Abẹnugan Ilé Aṣòfin, ni ó ṣe adelé fún nǹkan bí oṣù méjì li ọdún 2008. Ìrora yìí jinlẹ̀, ó sì yẹ kí a sọ ọ́ jáde. Ṣùgbọ́n níbi tí ìrora bá ti pọ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn ti ń rí àyè. Àwọn kan yóò wá wí fún wa pé nítorí ìsìn ni, wọn yóò sì fi pẹpẹ ṣe pèpéle ìpolongo. Ẹ bi wọ́n léèrè ìṣirò: ta ni yóò di gómìnà Kogi láìsí ìbò Ígálà àti Ìgbìrà? Ta ni yóò sì wí fún àwọn Mùsùlùmí inú ilé wa pé wọn kì í ṣe ọmọ Òkun mọ́?

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí olúkúlùkù olùdìbò fi wọn ẹni tí ó bá wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wá tọrọ ìbò. Kí ni ó ṣe fún wa láàrín ìdìbò kan sí èkejì, nígbà tí kò sí ohun tí ó ń tọrọ? Kí ni àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn tí ó ti bá ṣiṣẹ́ lè jẹ́rìí nípa òtítọ́ rẹ̀? Kí ni ó ti fi sílẹ̀ rí, nítorí pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí ó gbà á? Ẹni tí kò ní ìdáhùn sí ẹ̀kẹta kò tíì rí ìdánwò, tàbí kí ó ti rí i, kí ó sì ti ṣubú.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, ọ̀rọ̀ kan kù fún yín. Ẹ jẹ́ kí olóṣèlú wá sí ìsìn. Ọkàn rẹ̀ náà ń fẹ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ẹ fi í jókòó níbi tí ẹ̀yin ń fi àgbẹ̀ àti olùkọ́ jókòó sí. Ẹ gba ọrẹ rẹ̀ nínú igbá tí ẹ fi ń gba ti opó, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìṣirò tí gbogbo ìjọ lè kà. Bí ó bá fẹ́ bá ìlú sọ̀rọ̀, ọjà wà, gbàgede ọba sì wà. Olùṣọ́-àgùntàn tí ó gba àpò owó lọ́wọ́ olùdíje li òru kò ní lè bá gómìnà wí li ọ̀sán.

Ọjọ́ ìdìbò ń bọ̀, àwọn ọkọ̀ ńlá yóò sì tún dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Kí Ọlọ́run fún àwọn tí ń wá ipò ní ohun kan tí wọn kò ní tà, kí ó sì fún àwa olùdìbò ní ojú tí a ó fi dá wọn mọ̀.