Sáìnì pẹ̀lú Sáìnì, Kósáìnì pẹ̀lú Kósáìnì

Ìdánwò WAEC tí a mọ̀ sí ti oṣù Èbìbí sí Òkúdù máa ń bá iṣẹ́ oko pàdé ní Òkákà àti gbogbo Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú. Láti ọdún 1952 ni àjọ WAEC tó ń ṣe é ti wà, Nàìjíríà, Gánà, Sàró, Gáḿbíà àti Làìbéríà ló sì jọ ni ín. Sáìnì, kósáìnì àti táńjẹ́ǹtì wà nínú ìṣirò tí wọ́n ń bi ọmọ.

Ẹ wo èyí: 3 sin x + 5 cos x − sin x + 2 cos x. Àgbẹ̀ tó kó iṣu àti gbágùúdá bọ̀ láti oko á ka iṣu lọ́tọ̀, á ka gbágùúdá lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni níbí: yọ sin x kan nínú mẹ́ta, ó ku méjì; cos x márùn-ún àti méjì di méje. Ìdáhùn ni 2 sin x + 7 cos x. Ibẹ̀ ni kí ọmọ dúró sí, nítorí àwọn méjèèjì kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn, wọn kò ṣeé rò pọ̀ bí irú kan náà.

Ibi kan tó ń gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ nìyí: sin x + sin x kì í ṣe sin 2x, 2 sin x ni. Ẹ fi 30° dán an wò. Ìdajì ni sin 30°, ìdajì méjì sì jẹ́ 1; ṣùgbọ́n sin 60° kò ju bíi 0.866 lọ. Bákan náà, sin² x kì í ṣe ẹgbẹ́ sin x, nítorí a ti fi sin x lọ́po ara rẹ̀.

Àwọn mìíràn jẹ́ ẹgbẹ́, aṣọ ló yàtọ̀. cos (90° − x) kò yàtọ̀ sí sin x, nítorí náà 4 cos (90° − x) + 3 sin x di 7 sin x. Bẹ́ẹ̀ sì ni sin² x + cos² x máa ń jẹ́ 1 nígbà gbogbo, láti inú òfin Pythagoras lórí onígun mẹ́ta tó ní igun 90°. Bí a bá rí 5 sin² x + 3 cos² x, a ó mú mẹ́ta nínú márùn-ún ti sin² x so mọ́ mẹ́ta ti cos² x, ìyẹn di 3. Méjì ló ṣẹ́ kù. Ìdáhùn: 3 + 2 sin² x.

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń múra ìdánwò, ẹ gbìyànjú 6 cos x − 2 sin (90° − x) + sin x. Bí ẹ kò bá rí 4 cos x + sin x, ẹ tún un ṣe. Ẹ sì máa kọ gbogbo ìgbésẹ̀ sílẹ̀, nítorí WAEC ń fún ìlànà iṣẹ́ náà ní máàkì, kì í ṣe ìdáhùn nìkan.