ERÉ SÍSÁ, IṢẸ́ OÒJỌ́ ÀTI ÌSINMI

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Eré sísá jẹ́ ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fún ni ní ìlera. A máa mú ọkàn lágbára, a máa dín ewu ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kù, a sì máa mú ìrònú fúyẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìlànà rẹ̀ ti ọdún 2020 pé kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá tí ó le, irú bí eré sísá, fún ìṣẹ́jú 75 sí 150 lọ́sẹ̀, tàbí èyí tí kò le tó bẹ́ẹ̀, irú bí ìrìn kánmọ́kánmọ́, fún ìṣẹ́jú 150 sí 300.

Ṣùgbọ́n eré ọ̀nà jíjìn gba ìmúrasílẹ̀ tí ó ju èyí lọ. Eré Marathon, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sá ní ìlú Èkó ní oṣù kejì ọdún 2016, gùn ní kìlómítà 42 àti díẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń múra fún irú eré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe eléré ìdárayá tí ìjọba ń bọ́. Òṣìṣẹ́ ni wọ́n, oníṣòwò ni wọ́n, abiyamọ ni wọ́n. Bí wọn yóò ṣe ṣe é tí ara kò fi ní dá wọn dúró ni ìwé yìí fẹ́ ṣàlàyé.

ÀPẸẸRẸ ÌYÁ KAN

Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìkòròdú ni ó ń gbé, Erékùṣù Èkó ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ni ó ń jáde nílé nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni ó ń wọlé. Kí ó tó dáná, kí ó tó wo iṣẹ́ iléèwé àwọn ọmọ, aago mọ́kànlá ti lù. Nígbà tí ó fi orúkọ sílẹ̀ fún eré ìje, kò rí àyè mìíràn ju kí ó máa jí ní aago mẹ́ta ààbọ̀ lọ sáré.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ara rẹ̀ yá gágá. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí òjé, orúnkún ń dùn ún, ó ń jágbe mọ́ àwọn ọmọ lórí ohun tí kò tó nǹkan, oorun sì ń gbé e lọ lórí tábìlì níbi iṣẹ́. Ó rò pé ọ̀lẹ ni òun ń ṣe, ó sì tún fi kún eré. Àṣìṣe ńlá nìyẹn.

ÀPÒ KAN ṢOṢO NI ARA NÍ

Kò sí ìyá tí kò mọ̀ pé inú àpò kan náà ni owó ọbẹ̀, owó iléèwé àti owó ọkọ̀ ti ń jáde. Bí a bá ná an sí ọ̀kan ju bí ó ti yẹ lọ, òmíràn yóò jìyà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni agbára ara rí. Inú àpò kan ṣoṣo ni ara ti ń san gbèsè eré, ti iṣẹ́, ti àìsùn àti ti ìdààmú ọkàn.

Nígbà tí ọ̀gá bá jágbe mọ́ ni, tàbí tí ọjà kò tà, ara a máa tú adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn yóò máa lù kìkì, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yóò ga sókè, gbogbo ara yóò wà ní ìmúrasílẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ jà. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá ń sáré gidigidi. Fún ìgbà díẹ̀, kò sí ewu níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdààmú bá gba gbogbo ọjọ́, tí eré líle tún gorí rẹ̀, tí oorun kò sì tó, ara kò ní rí àyè wálẹ̀.

Ó tún yẹ kí a mọ̀ pé kì í ṣe àsìkò tí a ń sáré gan-an ni ara ń le. Eré a máa rẹ iṣan, a sì máa fa ìfàya kéékèèké sí i. Ìgbà tí a bá jẹun tí a sì sùn ni ara ń tún wọn ṣe, tí ó sì ń mú wọn lágbára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń fi oorun rẹ̀ pààrọ̀ eré ń kọ́ ilé ní ọ̀sán, ó sì ń wó o ní òru. Wákàtí méje ó kéré tán ni àgbàlagbà nílò láti sùn lóru.

ÀWỌN ÀMÌ PÉ ARA TI Ń BẸ̀BẸ̀

1. Àárẹ̀ tí kò lọ lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.
2. Àìrí oorun sùn bí ó tilẹ̀ rẹ ni.
3. Ìbínú òjijì, ìrẹ̀wẹ̀sì, tàbí kí eré tí a fẹ́ràn máa sú ni.
4. Ọ̀fìnkìn tàbí ikọ́ tí ń lọ tí ń bọ̀.
5. Ìrora ojúgun tàbí orúnkún tí ń pọ̀ sí i.
6. Ìlùkìkì ọkàn tí ó yára. Kí ẹ tó dìde lórí ibùsùn, ẹ fi ìka méjì lé ọrùn ọwọ́, kí ẹ ka bí ó ti ń lù fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ó bá fi nǹkan bíi 10 ju ti àtẹ̀yìnwá lọ fún òwúrọ̀ méjì tàbí mẹ́ta, àárẹ̀ tàbí àìsàn lè wà nínú ara. Ẹ sinmi.

BÍ A ṢE LÈ ṢÈTÒ Ọ̀SẸ̀

Kò pọn dandan láti sáré lójoojúmọ́. Ẹni tí ó ń bẹ̀rẹ̀ lè sáré ìṣẹ́jú 30 ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 30 ní Ọjọ́bọ̀, àti 60 ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 120, èyí tí ó bá ìlànà tí a mẹ́nu bà lókè mu. Kí púpọ̀ nínú eré náà jẹ́ ti pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tí ẹ fi lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ geere láìmí gúlegúle.

Ní ọ̀sẹ̀ tí iṣẹ́ bá pọ̀, bí ìparí oṣù fún akọ̀wé owó, àsìkò ìdánwò fún olùkọ́, tàbí iṣẹ́ òru fún nọ́ọ̀sì, ẹ dín eré kù sí ìdajì. Ẹ má ṣe gbìyànjú láti san èyí tí ẹ pàdánù padà ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan kò ní ba agbára tí ẹ ti kó jọ jẹ́. Ẹni tí ó bá ti ibi iṣẹ́ òru dé, kí ó sùn ná kí ó tó ronú eré.

OÚNJẸ ÀTI OMI

Ẹni tí ń sáré gbọ́dọ̀ jẹun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí ó jẹ oúnjẹ tí ń fún ni lágbára, bí iṣu, ìrẹsì àti ẹ̀kọ, pẹ̀lú ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹyin. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ẹ̀wà àti ẹran a máa fi kún ẹ̀jẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún àwọn obìnrin, nítorí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ a máa fa àárẹ̀ tí a lè ṣì kà sí ti eré. Ẹ mu omi bí òùngbẹ bá ti ń gbẹ yín. Àmujù omi nínú eré gígùn léwu, nítorí pé ó ń sọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ di àbùlà. Ẹ má sì ṣe lo oògùn apàrora láti fi tẹ ìrora mọ́lẹ̀ kí ẹ lè sáré.

FÚN ÀWỌN ABIYAMỌ

Aboyún kò gbọdọ̀ dá eré ọ̀nà jíjìn dáwọ́ lé láìbá nọ́ọ̀sì tàbí dókítà sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ó fi ìrìn bẹ̀rẹ̀. Ó dára kí ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí ó tó padà sí eré. Eré tí ó mọ níwọ̀n kì í ba omi ọyàn jẹ́. Kí ìyá fún ọmọ lọ́yàn kí ó tó jáde. Bí nǹkan oṣù bá dáwọ́ dúró fún oṣù mẹ́ta láìsí oyún, oúnjẹ lè má tó eré tí obìnrin náà ń sá, egungun rẹ̀ sì lè di ẹlẹgẹ́. Kí ó lọ rí dókítà.

ÌGBÀ TÍ A GBỌ́DỌ̀ DÚRÓ

Ẹ má sáré bí ibà bá ń ṣe yín. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àrùn ọkàn tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn dókítà kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Bí àyà bá ń dun ẹni tí ń sáré, bí òòyì bá kọ́ ọ tí ó sì dákú, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dàrú nínú oòrùn, tàbí bí ìtọ̀ rẹ̀ bá dúdú lẹ́yìn eré, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.

IṢẸ́ TI ARÁ ILÉ

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ìyá wa ti Ìkòròdú. Kì í ṣe ìfẹ́ eré ni ó yẹ kí ó sọ nù. Kí ó padà sí oorun rẹ̀. Kí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ibùdókọ̀ kan ṣáájú ibi iṣẹ́, kí ó fi ìrìn kánmọ́kánmọ́ parí ọ̀nà. Kí ó fi eré sí ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú. Kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú eré kìlómítà 10. Marathon lè dúró di ọdún mìíràn.

Ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè ṣe é. Bí bàbá bá dáná ní alẹ́ méjì lọ́sẹ̀, tí àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà bá fọ abọ́ tí wọ́n sì pọn omi sílẹ̀, ìyá yóò lè sùn ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Bí ó bá sọ pé ó rẹ òun, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Bákan náà ni kí a ṣe fún bàbá tí ń sáré.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ sáré, ẹ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ sinmi.