Kí Búrọ́ọ̀ṣì Tó Kan Ògiri Ilé-Ìwé

Bí àwòrán ara ògiri ilé-ìwé bá ṣí kúrò lẹ́yìn òjò méjì, ayàwòrán ni a máa ń bú. Lọ́pọ̀ ìgbà, ògiri ló jẹ̀bi. Ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ tó wà létí ọ̀sà, ọ̀pọ̀ ilé ló wà níbi tí omi inú ilẹ̀ kò ti jìnnà sí ìpìlẹ̀. Búlọ́ọ̀kù a máa fa omi náà sókè, omi a sì gbé iyọ̀ dání. Nígbà tí omi bá gbẹ lójú ògiri, iyọ̀ á ṣẹ́kù bí ìyẹ̀fun funfun, á sì máa ti ọ̀dà dànù díẹ̀díẹ̀.

Nítorí náà, iṣẹ́ àwòrán bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọ̀dà. Ẹ lẹ ọ̀rá tí kò ní àwọ̀ mọ́ ògiri nísàlẹ̀, ẹ fi tépù dí etí rẹ̀ yíká, kí ó wà níbẹ̀ mọ́jú. Bí omi bá sẹ̀ sínú ọ̀rá láàárọ̀, ẹ wá ògiri mìíràn. Bí iyọ̀ bá ti hù lára ògiri tó gbẹ, búrọ́ọ̀ṣì líle ni kí ẹ fi gbá a dànù. Ẹni tó bá fi omi fọ̀ ọ́ ti tún da iyọ̀ padà sínú ògiri nìyẹn. Ògiri tí bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ nílò nǹkan bí ọjọ́ 28 kó tó ṣeé kùn, torí oró simẹ́ńtì tútù a máa ba ọ̀dà jẹ́.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fẹ́ ṣe é nígbà ìsinmi gígùn, nígbà tí kíláàsì ṣófo, ṣùgbọ́n inú òjò ni ìsinmi yẹn máa ń bọ́ sí. Lójú tèmi, sáà kejì, láti oṣù Ṣẹẹrẹ lọ, ló dára jù, bí eruku ọyẹ́ tilẹ̀ wà. Òwúrọ̀ ni kí ẹ sì ṣe é, níbi tí oòrùn kò tíì dé, torí ọ̀dà tó bá kan ògiri gbígbóná á gbẹ kó tó tẹ́.

Lórí àṣẹ, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, òun ló mọ ẹni tí ó tún yẹ kó gbọ́: aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, àti alága CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, tó lè bá yín wá ọwọ́ tó máa ṣiṣẹ́. Àwọn àgùnbánirọ̀ náà wà níbẹ̀; láti 1973 tí ètò wọn ti bẹ̀rẹ̀ ni iṣẹ́ ìlú ti wà lára ojúṣe wọn. Ọwọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ máàpù Nàìjíríà ara ògiri ilé-ìwé ti wá, níbi tí kálukú ti ń fa etí òkun bó ṣe wù ú. Ní Ẹ̀pẹ́, ẹ má gbàgbé àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní ọgbà yunifásítì LASUED ní Noforija.

Kí ni kí ẹ yà? Àwòrán fíìmù ọmọdé òyìnbó ló yá jù láti dà kọ, òun náà ló sì ń súni jù. Ẹ fún àwọn ọmọ ní bébà, ẹ ní kí wọ́n ya ohun tí wọ́n ń rí. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ á ya ọkọ̀ àti ẹja ọjà Olúwo, ó sì lè ya eré ọkọ̀ ojú omi wọn. Ọmọ Ìmọ́tà á ya ilé ìṣẹ́ ìrẹsì tí wọ́n ṣí ní 2023. Ní Òṣogbo ní 1964, ayàwòrán Georgina Beier fún àwọn bíi Twins Seven-Seven àti Muraina Oyelami, tí wọ́n ti inú ẹgbẹ́ eré Dúró Ládipọ̀ wá, ní ọ̀dà, ó sì jẹ́ kí kálukú ya ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ wọn lónìí. Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún: ẹ má ya Orò sára ògiri tí ọmọbìnrin ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Bí a ṣe ń gbé àwòrán láti orí bébà sára ògiri ni iṣẹ́ gan-an. Ká ní ògiri gùn ní mítà 6, tó sì ga ní mítà 2.4. Ẹ kó àwòrán sórí bébà tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó ga ní 24, ẹ pín in sí àpótí sẹ̀ǹtímítà 3. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa okùn, ẹ nà án sára ògiri, ẹ já a lù ú kí ìlà lè hàn. Àpótí ti ògiri á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30. Àpótí 20 níbùú, 8 lóròó, 160 lápapọ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sí méjèèjì. Ọmọ tó ní àpótí 47 lórí bébà á ya àpótí 47 sára ògiri, kò sì pọn dandan kó mọ̀ pé imú ọkọ̀ ni òun ń yà. Ìlà mẹ́rin ìsàlẹ̀ ga tó mítà 1.2, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè dé ibẹ̀ láìgun ohunkóhun: àpótí 80, ọmọ 40, méjì-méjì. Àwọn àgbà nìkan ni kó gun àkàbà.

Ọ̀dà olómi ni kí ẹ lò, èyí tí a ń pè ní emulsion. Lítà kan a máa kun nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 10 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà gálọ́ọ̀nù lítà 4 ti funfun á tó fi kun ìsàlẹ̀ àwòrán lẹ́ẹ̀mejì, bí ọ̀dà bá jẹ́ ojúlówó. Pupa, búlúù, yẹ́lò àti dúdú ni kí ẹ fi kún funfun láti pò ìyókù. Ẹ kọ nọ́ńbà àwọ̀ sí ibi kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan di ife àwọ̀ kan ṣoṣo mú. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ ni a ń kọ́kọ́ kùn. Lọ́jọ́ ìkẹyìn, ẹni méjì tàbí mẹ́ta tí ọwọ́ wọn balẹ̀ á fa ìlà dúdú yíká, ìlà yẹn á sì bo gbogbo ibi tí ọwọ́ ọmọ ti yẹ̀. Pupa tí ìpẹtà irin fún láwọ̀, bíi ti ilẹ̀ pupa Ìkòròdú, oòrùn kì í rí tirẹ̀ ṣe. Àwọn pupa fòò kan kì í pẹ́ ṣá.

Ọ̀dà olóróró ń kọ́? Òjé lè wà nínú rẹ̀, ó sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Òfin àwòkọ́ṣe tí UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ọ̀rọ̀ àyíká, ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè ní kí òjé inú ọ̀dà má ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù lọ. Ti ara ògiri àtijọ́ ni ó yẹ kó bani lẹ́rù jù. Ẹ má fi sanpépà ha á ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin ín, kí ọmọdé má sì sí nítòsí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ètò kì í ronú kàn ni ọdún kejì. Ní ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin olórìṣà ló ń ya ara ògiri, wọ́n sì ń tún un yà fún ọdún òrìṣà náà. Kò sẹ́ni tó retí pé kí àwòrán èṣí wà bẹ́ẹ̀ títí láé. Ẹ ṣètò tiyín bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ rọ ìyókù àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ìgò, ẹ dé e pa, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ àti bí ẹ ṣe pò ó sí i lára. Ẹ tọ́jú bébà alápòótí náà sí ọ́fíìsì ilé-ìwé, kí ẹ sì yan kíláàsì tó máa ṣàtúnṣe ní sáà kejì ọdún tó ń bọ̀.